Teleson Ará Naxos àti Ère Tí Kò Fẹ̀yìn Ti Nǹkan Kan

Ère àkọ́kọ́ tí Teleson dá gbẹ́ kò ní iwájú orí. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, imú àti ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti òkè ìpéǹpéjú, òkúta tán. Orí náà tẹ́jú bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Àwọn kan ní ìlú wa ń sọ pé ó ti mu wáìnì tí kò bu omi sí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní òkúta náà ló kúrú láti ilẹ̀. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ìṣirò ni. Àwọn agbẹ́-òkúta Íjíbítì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òkúta, wọ́n á fa ìlà sí i lára ní òró àti ní ìbú bí àwọ̀n apẹja, wọ́n á sì ka ojú àwọ̀n náà ní mọ́kànlélógún láti àtẹ́lẹsẹ̀ ère dé ojú rẹ̀. Dé ojú ni mo wí, n kò wí pé dé àtàrí. Teleson rántí mọ́kànlélógún, ó gbàgbé ibi tí iye náà parí sí. Ó gé òkúta rẹ̀ ní ìwọ̀n mọ́kànlélógún géérégé, nígbà tó sì gbẹ́ ẹ dókè, kò ku ibi tí agbárí yóò gbé.

Bryon, tí òun àti Teleson jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń fọ́ òkúta, yí ère náà ká lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ọkùnrin yìí yóò máa ru ẹrù sí?"

"Kì í ru ẹrù. Olówó ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Olówó tí kò lè dé fìlà."

Wọ́n sọ Teleson ní Ojú-kan-àjà lọ́jọ́ náà. Orúkọ náà kò dùn ún. Ó máa ń jẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti pàdé ìṣirò yẹn. Teleson ni ọmọ kẹta nílé bàbá rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ Naxos mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Òkè ló gba ilẹ̀ wa. Ibi tó tẹ́jú tó fún ọkà kò pọ̀, bàbá a pín in fún ọmọ, ọmọ náà a tún pín in fún ọmọ, títí yóò fi kan ẹnì kan tí ìpín rẹ̀ kò gbà ju kí ewúrẹ́ méjì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Ìpín Teleson jẹ́ igi ólífì mẹ́rin àti ògiri òkúta tó ti wó lápá kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ní kó wá máa bá òun da ewúrẹ́, ó sì dà wọ́n fún ọdún mẹ́fà. Láti orí òkè tó ti ń dà wọ́n, ó ń rí Paros níwájú rẹ̀, ó ń rí Delos lọ́ọ̀ọ́kán, lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá sì mọ́, ó ń rí erékùṣù mìíràn lẹ́yìn wọn. Ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀ kì í ka òkun sí ibi tí ilẹ̀ parí sí. Ọ̀nà ló ń pè é. Nígbà tó pé ogún ọdún, ó bá ọkọ̀ lọ, ó lọ gbé ọ̀kọ̀ fún ọba Íjíbítì, bí ọ̀pọ̀ ọmọ kẹta àti ọmọ kẹrin ti ń ṣe láyé ìgbà yẹn.

Wọ́n máa ń wí pé ó jagun níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Oṣù méjì péré ló jagun. Ẹṣin tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nílùú Sais, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa tọ́jú ẹsẹ̀. Ilé tó sùn sí kò jìnnà sí ọgbà àwọn agbẹ́-òkúta. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Pahor ni olórí wọn. Teleson a máa fi ọ̀pá tiro lọ síbẹ̀ láàárọ̀, a jókòó sábẹ́ òjìji ère ọba kan tó ga tó ilé, a sì máa da ìbéèrè lé Pahor lórí. Èdè Íjíbítì tó ń sọ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n Pahor fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Teleson fọwọ́ tọ́ òpó òkúta gbọọrọ tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ère, láti ọrùn dé ilẹ̀.

"Bàbá, kí ni òpó yìí ń ṣe níbí?"

"Ó ń dì í mú."

"Kó má baà lọ síbo?"

"Kó má baà ṣubú, ìwọ ọmọ òkun yìí. Ọba ni. O ti rí ibi tí ọba ti ń ṣubú rí?"

"Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Wọ́n ń ṣubú dáadáa."

Pahor rẹ́rìn-ín títí eruku òkúta fi há a lọ́fun. Kò fi iṣẹ́ pa mọ́ fún àlejò náà. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń ki okùn bọ inú ilẹ̀ pupa tí a pò mọ́ omi, tí a ó nà án sára òkúta, tí a ó fi ìka ta á kí ìlà rẹ̀ lè tọ́. Ó kọ́ ọ bí ère ṣe ń gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, bó ṣe ń ká ìka mọ́ àtẹ́lẹwọ́, bí a ṣe ń ya iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ sí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkúta kí a tó gbẹ́ ẹ wọlé. Ọdún kejì ni Teleson padà sí Naxos pẹ̀lú okùn pupa nínú àpò rẹ̀.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ará ìlú mìíràn ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Íjíbítì la ti jí iṣẹ́ ère. A kò jí i. Wọ́n fún wa, a sì dúpẹ́. Mo tún máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tiwa ń sọ pé a kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń fi lẹ́tà àwọn ará Fòníṣíà kọ orúkọ ara wọn sára ife.

Olórí ibi tí a ti ń fọ́ òkúta ní Naxos nígbà náà ni Eufantos, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gba Teleson síṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ère tí kò níwájú orí ti rọlẹ̀, tí ọwọ́ Teleson sì ti tọ́, Eufantos fi ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nikeso, fún un. Ère márùn-ún ni Teleson gbẹ́ lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ní òpó lẹ́yìn bí ti Íjíbítì, kò sì sí ẹni tó ráhùn.

Ní ọdún kẹrin tó dé, àwọn àgbà ìlú ní àwọn fẹ́ gbé ère ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ fún Apollo ní Delos, tí yóò ga tó ènìyàn gidi, tí yóò sì dé kí ọdún òrìṣà náà tó bẹ̀rẹ̀. Eufantos yan iṣẹ́ náà fún Teleson. Teleson fa ìlà rẹ̀ tán, ó wá sọ pé òun kò ní fi òpó sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun kò sì ní fi òkúta dí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Eufantos ní, "Àna mi, ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Bàbá. Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó ń rìn lọ. Báwo ló ṣe ń rìn tó sì tún pọn ògiri?"

"Àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ ńkọ́, ṣé wọn kò lójú ni?"

"Wọ́n lójú. Òkúta tiwọn ló dúdú, tó sì le, tó jẹ́ pé òkúta ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń lù ú kó tó gbọ́. Tiwa yìí, irin ń wọ̀ ọ́. Bí ilẹ̀ bá ti fún wa ní èyí tó rọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí a fi ń gbẹ́ ẹ bíi tiwọn?"

Eufantos wo ìlà náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbà fún un.

Òkúta àkọ́kọ́ ṣẹ́ ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì ní ọjọ́ kẹsàn-án tí Teleson bẹ̀rẹ̀ sí í lu àárín ẹsẹ̀ náà jáde. Òkúta kejì ṣẹ́ níbi kan náà gan-an. Ọkùnrin mẹ́wàá ló ń gbà ní oṣù kan gbáko láti la irú òkúta bẹ́ẹ̀ kúrò lára òkè. Òkúta méjèèjì tó ṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ dòní, ewúrẹ́ ń sùn lé wọn lórí.

Nígbà tí wọ́n la ẹ̀kẹta, Eufantos pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Èyí ni ẹ̀kẹta. Bí Teleson bá fi òpó sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìjà. Bí ó bá yọ òpó, tí ère ṣẹ́, yóò kó irin rẹ̀ fún mi, yóò sì padà sídìí ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ mi ni ìyàwó rẹ̀, n kò lé e nílé. Ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan òkúta lórí òkè yìí mọ́."

Gbogbo ojú yí sí Teleson.

"Mo gbọ́, Bàbá. Mo máa yọ òpó."

Nígbà tó délé, Nikeso ti gbọ́. Ó ń ya ẹja sísun fún un, kò gbójú sókè.

"Ẹ mọ̀ pé mi ò lè da ewúrẹ́."

"Mo mọ̀."

"Mo kàn ní kí n rán yín létí ni. Òórùn wọn kì í jẹ́ kí n jẹun."

"Ṣé kí n fi òpó sílẹ̀ ni?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò lè da ewúrẹ́. Ẹ jẹ ẹja yín."

Teleson gbé irin lọ sídìí òkúta náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò lè fi kan òkúta. Ó jókòó tì í. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ìṣòro rẹ̀ yé e dáadáa: bí òòlù bá ba irin ní ẹ̀yìn ojúgun, ìró rẹ̀ á sáré gba inú òkúta lọ sí ibi tó tín-ín-rín jù lọ, ọrùn ẹsẹ̀ sì ni ibẹ̀. Kò tíì mọ ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yọ òkúta láìlu òkúta.

Ìyá rẹ̀, Melita, ló mú ọ̀nà náà wọlé láìmọ̀. Obìnrin náà ń gbẹ́ ihò tí wọn yóò gbin àjàrà sí ní ọ̀sẹ̀ náà, ọkọ́ rẹ̀ sì kan pẹpẹ òkúta. Ibojì àtijọ́ ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Naxos: ère obìnrin funfun kékeré kan, tó gùn tó apá láti ọwọ́ dé ìgúnpá, tó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ abẹ́ àyà, tí ojú rẹ̀ kò ní nǹkan kan ju imú lọ. A máa ń hú wọn jáde. Àwọn tó ti gbé erékùṣù yìí kí àwọn bàbá wa tó dé ló ṣe wọ́n, a kò sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn. Melita gbé e wá fún Nikeso, pé kó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀.

Teleson gbà á lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà.

"Ìyá, irin wo ni wọ́n fi gbẹ́ èyí?"

"Ṣé èmi ni mo gbẹ́ ẹ?"

"Kò sí ojú irin kankan lára rẹ̀."

"Irin wo? Bàbá bàbá mi ní àwọn èèyàn yẹn kò mọ irin. Yanrìn ni wọ́n fi ra á bó ṣe wà yẹn, bí mo ṣe máa ń ra ìkòkò tí ẹ bá jó ọbẹ̀ mọ́ nídìí."

Ó gbìyànjú láti gbé ère náà dúró lórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Ó ṣubú, nítorí orí ìka ẹsẹ̀ ló gbé ara lé. Ó tún gbé e, ó tún ṣubú.

"Kò lè dúró, Ìyá."

"Ta ló ní kó dúró? Obìnrin ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Fi í sílẹ̀ kó sùn."

Nikeso bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Teleson kò gbọ́ wọn mọ́. Àwọn ẹsẹ̀ kékeré yẹn tín-ín-rín ju ìka rẹ̀ lọ, àlàfo tó wà láàárín wọn mọ́ tónítóní, wọn kò sì ṣẹ́. Kò sí ẹni tó lù wọ́n. Òkúta dúdú tó le ju irin lọ wà lápá ìlà oòrùn erékùṣù wa, òun la máa ń lọ̀ di yanrìn láti fi dán ère nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Dídán nìkan la mọ̀ ọ́n lò fún. Àwọn ará àtijọ́ ti fi gbẹ́ gbogbo ara.

Láti ọjọ́ náà, Teleson fi irin gé ère rẹ̀ títí ó fi ku ìka mẹ́rin kí ó kan ara, ó sì gbé òòlù sílẹ̀. Ó gé igi pẹlẹbẹ, ó bu yanrìn dúdú sí àárín ẹsẹ̀ ère, ó da omi lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á lọ, ó ń ra á bọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan kò nípọn ju ewé ólífì lọ.

Bryon wá dúró lórí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Ojú-kan-àjà, ìyẹ̀fun yẹn kò tíì kúnná o."

"Gbẹ́nu rẹ kúrò níbẹ̀, kí n má baà yan án fún ọ jẹ."

"Ẹ yan án. Èyí tí ìyàwó mi ń yan kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ju ìyẹn lọ."

Òkúta dúdú náà ń tán kíákíá, Nikeso sì ni ó ń gún un nílé. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Níbi ìsun omi, àwọn obìnrin bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti di aṣèédú.

Ó ní, "Ọkọ mi ń ṣe èèyàn. Kí ni tiyín ń ṣe?"

Òtútù parí, àwọn igi álímọ́ńdì tanná, Eufantos bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ kí ọdún Apollo tó pé, bí ìjì àríwá bá sì bẹ̀rẹ̀, kò sí atukọ̀ tí yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gba ojú omi yẹn kọjá.

Eufantos ní, "Ogún ọjọ́ ló kù. Gbé irin. Láàárín ọjọ́ méjì, ó ti parí."

"Láàárín ọjọ́ kan, ó ti ṣẹ́, Bàbá."

"Èmi ò lè dá afẹ́fẹ́ dúró fún ọ."

Teleson pè é kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi omi nu ọrùn ẹsẹ̀ òsì ère náà, ó sì fi ìlà aláwọ̀ eérú kan hàn án, tínrín bí irun, tó gba inú òkúta funfun náà kọjá ní gbùngbùn ibi tí àwọn méjì ìṣáájú ti ṣẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ alágàbàgebè ì bá ti fi yanrìn bò ó. Ó ní òun yóò fi ọrùn ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ kó nípọn.

Eufantos wò ó títí. "Yóò dà bí ẹsẹ̀ wíwú."

"Ó ti rin ọ̀nà jíjìn, Bàbá."

Eufantos kò rẹ́rìn-ín. Ó mú igi pẹlẹbẹ kan nílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ní òdìkejì ère, ó bu yanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Àwọn méjèèjì ṣe bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí ó ń fọ ọwọ́, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn èèyàn ṣì wà níbẹ̀ o."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Bryon àti mẹ́ta nínú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, òpó ẹ̀yìn ti kúrò, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba àárín ẹsẹ̀ ère kọjá. Wọ́n fi irun àgùntàn dì í, wọ́n tẹ́ ẹ sórí igi tí wọ́n kàn pọ̀ bí àkàbà, wọ́n fi òróró ólífì pa ojú ọ̀nà, wọ́n sì rọra wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi. Ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń sáré sọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná ni wọ́n fi ọjọ́ méjì rìn. Ìrìn ojú omi kò gbà wọ́n ju àárọ̀ sí ọ̀sán lọ.

Ní Delos, wọ́n ti gbẹ́ ihò tí ìdí rẹ̀ yóò wọ̀ sílẹ̀ dè é. Wọ́n fi okùn fà á dìde, wọ́n da òjé yíyọ́ yí ìdí rẹ̀ ká, wọ́n fi igi mẹ́rin gbè é títí òjé fi tutù. Àwọn ará Paros wà níbẹ̀, àwọn ará Samos wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti gbé ère olópòó tiwọn wá, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn tiwa bí ẹni ń wo ilé tí kò ní ògiri. Ó wá ku kí a yọ igi.

Eufantos lọ dúró sẹ́yìn ère náà, ibi tí òpó ì bá wà gan-an.

Teleson ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Ẹ yọ igi."

"Bí ó bá ṣubú, orí yín ni yóò ṣubú lé."

"Èmi ni mo fún ọ ní òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bryon, ta ni mò ń dúró dè?"

Bryon yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ère kò mì. Eufantos kò kúrò. Ó dúró síbẹ̀ títí afẹ́fẹ́ ọ̀sán fi ti ojú òkun dé, tí aṣọ gbogbo èèyàn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí ọ̀dọ́mọkùnrin funfun náà sì dúró ní ìhòòhò, tó gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, tí kò fẹ̀yìn ti nǹkan kan. Nígbà náà ni bàbá náà na ọwọ́, ó fi gba àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, láti ọrùn dé gìgísẹ̀. Ó rìn yípo wá bá àna rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀kẹrin, apá ibo lára òkè lo fẹ́ kí wọ́n ti là á?"

Teleson fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé orúkọ Teleson wà lára itan ère náà. Mo ti kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará Naxos ló gbé e kalẹ̀ fún Apollo, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú lóòótọ́, apá rẹ̀ sì gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti rí ère tó lẹ́wà jù ú lọ láti ìgbà náà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní òpó lẹ́yìn.

Teleson gbẹ́ ère mẹ́fà mìíràn ní Naxos. Lẹ́yìn tí Eufantos kú, àwọn ará Samos ránṣẹ́ pè é pé kó wá fi bí a ṣe ń lo yanrìn dúdú hàn wọ́n, òun àti Nikeso sì bá ọkọ̀ lọ. Nígbà ìkórè àjàrà tó kọjá, atukọ̀ kan láti ìlú wa rí i ní Samos, nínú ilé kan lẹ́yìn èbúté, ó ń fa ìlà pupa sára òkúta.